Bí Ṣẹ́ẹ̀tì Àbúrò Mi Ṣe Fi Ẹ̀yìn Rìn

Kì í ṣe ibà. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn kí n tó sọ ohunkóhun. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ibà ló fún àbúrò mi obìnrin lọ́gbọ́n tó fi ṣe èyí tó jáde lọ́jọ́ Ẹtì ọjọ́sí, irọ́ ló pa. Bí kì í bá ṣe irọ́, a jẹ́ pé kò mọ nǹkan kan ni. Èmi ni mo ṣe é. Èmi tí mo ń tún fìríìjì ṣe, ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi ṣe é, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, lórí tábìlì tí mo máa ń tú fáànù lé. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má bàa ní mo ń ti àbúrò mi sẹ́yìn, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò mi ń lọṣọ. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń lọṣọ nílé ìfọṣọ kan. Ilé náà gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Kàńtà wà níwájú, ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́rin wà láàárín, ọ̀kan nínú wọn sì máa ń fò sókè bó bá ń fún aṣọ. Ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí gbogbo ooru ń sá lọ, ni tábìlì àbúrò mi wà. Ẹ fún un ní ṣẹ́ẹ̀tì tó rún bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Kí ẹ tó ka ení, èjì dé ọgọ́ta, ó ti dá a padà fún yín, kọ́là ẹ̀ le gbagidi, ó ti ká a, ó sì ti fi páálí sínú ẹ̀ kó má bàa wó.

Páálí yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Funfun ni, kò fẹ̀ ju ojú ìwé méjì tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lọ. Èyí tí etí ẹ̀ bá ti ká, ọ̀gá wọn ní kí wọ́n máa kó o dànù. Àbúrò mi kì í kó o dànù. Ó ń kó o wálé, ó sì ń yàwòrán sí i.

Ṣẹ́ẹ̀tì kan ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Lórí pẹpẹ tí wọ́n ń kó aṣọ tí oníbàárà gbàgbé sí, ṣẹ́ẹ̀tì búlúù onílà funfun kan wà níbẹ̀ tó ti lo ọdún mẹ́rin. Nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ti parẹ́. Ọ̀gá ní kí wọ́n fà á ya, kí wọ́n máa fi nu ẹ̀rọ. Àbúrò mi ní ẹni tó ni ín ṣì lè wá. Ọ̀gá ní, "Ẹni tó ni ín ti sanra kúrò nínú ẹ̀." Inú bí àbúrò mi. Ó délé, ó ya àwòrán ṣẹ́ẹ̀tì yẹn sórí páálí, ó fún un lẹ́sẹ̀ méjì tín-ín-rín, ó ní ó ń lọ wá olúwa ẹ̀ kiri ìlú. Bí "Ta Ló Ni Ṣẹ́ẹ̀tì" ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìtàn aláwòrán tó ń jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, tí àwọn èèyàn tí a ò mọ̀ rí ń kà, tí wọ́n sì ń tìtorí ẹ̀ bá ara wọn jà.

Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Bí a ṣe rí nílé wa nìyẹn. Fìríìjì àkọ́kọ́ tí mo tú láyé mi, ti màmá wa ni, kò sẹ́ni tó kọ́ mi, mo sì tò ó padà. Síkúrù mẹ́ta ṣẹ́kù tí mi ò mọ ibi tí wọ́n ti wá títí dòní, ṣùgbọ́n ó ń mú omi tutù.

Nǹkan kan wà nínú ìtàn náà tó ń dùn mí. Ṣẹ́ẹ̀tì ò dá rìn. Ìbọ̀sẹ̀ ẹyọ kan ń tẹ̀lé e kiri, ìbọ̀sẹ̀ tí ibi àtàǹpàkò ẹ̀ ti lu. Ìbọ̀sẹ̀ yìí kì í dákẹ́. Bí wọ́n bá ń kọjá nídìí òpó iná, á ṣàlàyé bí iná ṣe ń rin inú wáyà. Bí òjò bá ń rọ̀, á sọ ohun tó ń fa òjò, kò sì ní jẹ́ òótọ́. Mo bi àbúrò mi pé ta ló ń wò tó fi ń ya Ìbọ̀sẹ̀.

"Mi ò wo ẹnì kankan, Bọ̀dá mi."

"Kí ló dé tó fi máa ń sọ pé 'Ẹ jẹ́ n fi yé yín'?"

"Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó ní irùngbọ̀n."

"Òwú tó tú ni."

Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ n fi yé yín bí ibi tí wọ́n ń gbé ìtàn náà sí ṣe rí. Ìtàn tó bá ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìyẹ̀, ojú ewé àkọ́kọ́ ni wọ́n ń fi í sí, níbi tí gbogbo ẹni tó bá wọlé á ti rí i. Aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni òpin. Ẹni tó bá pa ọ̀sẹ̀ kan péré jẹ, wọ́n á gbé e lọ sẹ́yìn lọ́hùn-ún, sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ya ológbò ẹ̀ níbi tó ti ń sùn, àti ọkùnrin kan tí kì í ya nǹkan míì ju ilẹ̀kùn lọ. Bí wọ́n bá ti gbé èèyàn débẹ̀, ó dìgbà. Ọdún mẹ́ta gbáko, àbúrò mi ò pa ọjọ́ Ẹtì kankan jẹ. Ẹtì mẹ́rìndínlọ́gọ́jọ. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n yọ eyín ẹ̀, ó fi òwú sẹ́nu, ó yà á. Ọ̀sẹ̀ tí òrùlé yàrá ẹ̀ ń jò, abẹ́ agbòòjò ló ti yà á.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tí mo ń wí yìí ni ibà dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, tí mo gbé tíì gbígbóná lọ fún un, súwẹ́tà mẹ́ta ló wọ̀ lé ara wọn, ó gbé pátákó tí wọ́n ń lọṣọ lé sórí itan lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń yàwòrán. Imú ẹ̀ ń ṣàn bí ẹ̀rọ omi tí wọ́n gbàgbé láti tì.

Mo ní, "Lọ sùn."

"Ẹni tó ni Ṣẹ́ẹ̀tì ló máa ṣílẹ̀kùn lọ́la." Ohùn ẹ̀ ti há, ó ń dún bí ilẹ̀kùn fìríìjì tí rọ́bà ẹ̀ ti gbẹ. "Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń dúró dè é. Oorun wo ni kí n sùn?"

"Ó dáa, báwo ló ṣe máa parí?"

Ó sín, ó tún sín. "Ṣẹ́ẹ̀tì á kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà á ṣí i, inú ẹ̀ á dùn, á wọ̀ ọ́. Bọ́tìnì á já, á fò, á lọ ba Ìbọ̀sẹ̀ lójú."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ Ìbọ̀sẹ̀?"

"Òun ló wà nítòsí. Ọkùnrin náà ti sanra, Ṣẹ́ẹ̀tì ò gbà á mọ́. Á bọ́ ọ, á sá a sórí okùn, òjò á wá máa pa á níbẹ̀. Ó parí."

"Ó parí?"

"Ó parí pátápátá."

Mo sọ fún un pé ìkà nìyẹn. Mo ní àwọn èèyàn á bú u. Ó ní, "Aṣọ ń há èèyàn, Bọ̀dá mi, bẹ́ẹ̀ náà ni." Mo ní kó jẹ́ kí Ìbọ̀sẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ìyànjú díẹ̀ fún Ṣẹ́ẹ̀tì kó tó parí. Ó ní orí ń fọ́ òun, òun ò lè kọ ọ̀rọ̀ kankan lọ́sẹ̀ yìí, àwòrán lásán ni wọ́n máa wò. Ibi tó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ ló ti tún sín, bírò bá yọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, ó fa ìlà gbọọrọ kan láti orí ọkùnrin náà jáde lọ sí etí páálí.

"Ó ti bàjẹ́," mo wí.

"Irun ẹ̀ ni," ó dáhùn, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́, kò lè gbé orí sókè. Ara ẹ̀ gbóná débi pé ẹ lè fi lọṣọ. Páálí mẹ́rìnlá wà lórí àga, ó ti yà wọ́n tán, ó da ojú wọn délẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe níbi iṣẹ́ kí àwọn tó ń fọṣọ má bàa yọjú wò wọ́n kó tó jáde. Kò kọ nọ́ńbà sí ìkankan. Kì í kọ nọ́ńbà. Ó ní òun mọ àwọn ọmọ òun lójú.

Ó ní, "Ẹ bá mi ya fọ́tò wọn, Bọ̀dá mi. Ẹ gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kó tó di aago méjìlá. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbé mi lọ sílé ìwòsàn."

"Ṣé kí n kọ́kọ́ gbé ẹ lọ ná?"

"Fọ́tò lẹ́ẹ̀kọ́kọ́."

Mo kó wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibí yìí dáadáa, torí ibẹ̀ làwọn èèyàn ò ti fẹ́ gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu. Bí mo bá ń tú ẹ̀rọ, bí mo bá ṣe ń yọ nǹkan kọ̀ọ̀kan kúrò ni mo máa ń ya fọ́tò ẹ̀. Mo yọ ìdérí, mo yà á. Mo yọ fáànù inú, mo yà á. Mo yọ wáyà, mo yà á. Tó bá wá tó àkókò láti tò ó, mo máa mú fóònù, mo máa ti ìdí fọ́tò wò ó bọ̀ wá síwájú, torí ohun tí mo yọ kẹ́yìn ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá padà. Ogún ọdún ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń tún nǹkan ṣe ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà mo mú páálí tó wà lókè pátápátá, mo ṣí ojú ẹ̀, mo yà á. Mo mú èyí tó tẹ̀ lé e, mo yà á. Títí mo fi kan ti ìsàlẹ̀. Mo gbé wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì bí wọ́n ṣe tò lé ara wọn nínú fóònù. Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n gbà á. Orúkọ àbúrò mi dúró sí ojú ewé àkọ́kọ́, ara mi yá gágá.

Páálí tó wà lókè, òun ló yà kẹ́yìn. Mo mọ̀. Ẹni tó bá ń tún fìríìjì ṣe ì bá ti ti ìdí kà á bọ̀, kò ní sí wàhálà. Ta ló ní kí gbogbo ayé má kọ́ṣẹ́ fìríìjì?

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan tó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo fóònù lórí tábìlì ló dá wa lóhùn. Ó fi nǹkan tí wọ́n fi ń wo bí ara ṣe gbóná tó sábẹ́ ahọ́n àbúrò mi, ó ní kó pa ẹnu dé. Ó wá bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Èmi ni mo fèsì pé ó ń lọṣọ, ó sì ń ya "Ta Ló Ni Ṣẹ́ẹ̀tì".

Nọ́ọ̀sì dìde dúró. Ó tún jókòó. "Ìwọ lo ya ti òní yìí?"

Àbúrò mi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ọ̀rẹ́ mi, ṣé ìwọ náà láàánú? Mo ti sunkún lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan." Ó yíjú sí obìnrin kan tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó wú. "Ẹ̀yin ò tíì rí i? Ẹ gbọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì wà lórí okùn nínú òjò. Ẹni tó ni ín jáde wá, ó sì ká a kúrò lórí okùn."

Ojú àbúrò mi là.

"Bọ́tìnì tó ti sọnù ń bẹ lójú Ìbọ̀sẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ojú ẹ̀ ló fi pa á mọ́. Ó ju bọ́tìnì yẹn sókè, bọ́tìnì fò lọ dúró sí àyè ẹ̀. Ọkùnrin náà wọ Ṣẹ́ẹ̀tì, ó bá a mu wẹ́kú."

Àbúrò mi ń gbé ọwọ́ sókè. Nọ́ọ̀sì rọra gbé ọwọ́ náà sọ̀ kalẹ̀. "Pa ẹnu dé, kò tíì pé. Ẹ wá gbọ́ o. Ọkùnrin náà bọ́ ọ fúnra ẹ̀. Ó gbé e dání báyìí, ó ń wò ó. Wọ́n jọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo ara wọn lójú. Ó ti ilẹ̀kùn. Ṣẹ́ẹ̀tì fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà, bí ìgbà tí èèyàn ń sọ pé ó dàbọ̀. Ó wá bọ́ sójú ọ̀nà, oòrùn ń ràn. Kò wá ẹnikẹ́ni mọ́."

Obìnrin ẹlẹ́sẹ̀ wíwú nu ojú. Ó ní, "Òun ló ni ara ẹ̀ báyìí."

"Òun ló ni ara ẹ̀," nọ́ọ̀sì wí. Ó yọ nǹkan náà kúrò lẹ́nu àbúrò mi, ó wò ó. "Ara ẹ gbóná gan-an."

Àbúrò mi dì mí lápá mú. "Bọ̀dá mi, ṣé orí mi ti dàrú ni? Ṣé ohun tó sọ ni mo gbọ́?"

Mo ní ohun tó sọ ló gbọ́. Mo wá ní, "Ẹ jẹ́ n fi yé yín, nọ́ọ̀sì. Àbúrò mi ò tò ó bẹ́ẹ̀. Fọ́tò ni mo—"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," nọ́ọ̀sì wí, "aláìsàn fẹ́ sinmi."

Nígbà tí a délé, àbúrò mi mú fóònù, ó wo gbogbo ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò bá mi jà. Ì bá sàn kó bá mi jà. Ó kàn ní, "Ẹ yọ ọ́ kúrò."

"Aago méjì ti kọjá. Bí n bá yọ ọ́ báyìí, o pa ọ̀sẹ̀ jẹ nìyẹn. O di aládùúgbò ọkùnrin tó ń ya ilẹ̀kùn."

Ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì borí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo gbọ́ ohùn ẹ̀ lábẹ́ ibẹ̀. "Ẹ fi sílẹ̀."

Bí a ṣe fi sílẹ̀ nìyẹn, ẹ wá wo ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ ẹ̀. Ẹnì kan ní òun ti ń retí irú òpin báyìí láti ọdún tó kọjá, irọ́ ni. Àwọn kan ní ìlà gbọọrọ tó jáde lórí ọkùnrin náà, òwú tó so òun àti Ṣẹ́ẹ̀tì pọ̀ ni, wọ́n fi odidi ọjọ́ kan jiyàn bóyá òwú náà ti já. Ọ̀pọ̀ ní ohun tó dùn mọ́ àwọn jù ni pé Ìbọ̀sẹ̀ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nílé ayé ẹ̀. Ìgbà tí nọ́ọ̀sì yẹn wá tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé òun fojú òun rí ẹni tó yà á, pé nínú ibà líle ló ti yà á, ọ̀rọ̀ bá di ti ibà. Ibà ló ṣí i lójú. Ibà ló fi hàn án. Ẹnì kan tiẹ̀ ń béèrè irú ibà wo ni.

Mi ò lè mú un mọ́ra. Mo wọlé síbẹ̀, mo kọ ọ́ gbẹrẹgẹdẹ: èmi ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀, èmi ni mo ya fọ́tò, ẹ jẹ́ n fi yé yín bí a ṣe ń tú fìríìjì. Ìlà méjìlélógún ni mo kọ. Èsì mọ́kànlélógójì ni mo gbà, gbogbo wọn sì ń sọ ohun kan náà, pé mo fara wé ohùn Ìbọ̀sẹ̀ dáadáa, kí n tún kọ òmíràn.

Káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kọjú sí tèmi yà wá lọ́jọ́ kejì. Ó ní, "Fìríìjì, mo ka ti àbúrò ẹ. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára."

"Èmi ni mo ṣe é."

"Ìwọ lo yà á?"

"Mi ò yà á. Èmi ni mo tò ó."

"O mọ̀ọ́mọ̀ tò ó bẹ́ẹ̀?"

Mo wo síkúrù tó wà lọ́wọ́ mi. "Kì í ṣe pé mo mọ̀ọ́mọ̀."

Ó jókòó sórí fìríìjì oníbàárà. "Bí ìṣó bá já bọ́ lọ́wọ́ mi, tó lọ gún ibi tó yẹ kó gún, ṣé kí n máa pariwo ẹ̀ kiri?"

"O ò ní pariwo ẹ̀?"

Ó ronú sí i. "Màá sọ fún ìyàwó mi."

Nígbà tí Ọjọ́rú yípo, ibà ti lọ, ikọ́ ló kù. Mo bá àbúrò mi lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú páálí funfun lórí itan, kò ya nǹkan kan sí i. Ó ti ní in lọ́kàn pé ìtàn náà ti parí. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òmíràn, lórí áyọ́ọ̀nù kan tó ń bẹ̀rù iná. Ní báyìí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn ló ń béèrè ibi tí Ṣẹ́ẹ̀tì ń lọ, ọjọ́ méjì ló sì kù.

"Ẹ̀yin lẹ tú u," ó wí. "Ẹ wá tò ó."

Mi ò purọ́ fún yín, orí mi wú. Mo fa àga. Mo ní kí Ṣẹ́ẹ̀tì lọ kọ́ṣẹ́. Ó ní iṣẹ́ wo. Mo ní iṣẹ́ fìríìjì. Ó wúkọ́ títí omi fi jáde lójú ẹ̀. Mo ní kó fẹ́ búláúsì. Ó ní kí n ronú dáadáa tàbí kí n máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo wá ronú dáadáa.

Mo ní, "Ìbọ̀sẹ̀."

"Kí ló ṣe é?"

"Méjì ni wọ́n ń ṣe ìbọ̀sẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló ti ń bá Ṣẹ́ẹ̀tì wá ẹni tó ni ín. Ta ló bi òun léèrè èkejì ẹ̀?"

Àbúrò mi mú bírò. Ó wo páálí, ó wo ojú mi, ó tún wo páálí. Ó ní, "Òun náà ò sọ fún ẹnikẹ́ni, pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀."

"Kò sẹ́ni tó bi í."

Ó ṣí bírò. Ọjọ́ méjì ló fi yà á, ó ń wúkọ́, mo ń gbé tíì wá. Nígbà tó parí, ó kọ nọ́ńbà gbàǹgbà sẹ́yìn páálí kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan títí dé mẹ́rìnlá, ó sì fi ìlà sábẹ́ nọ́ńbà kìíní lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ fún un pé kí wọ́n gbọ́ orúkọ mi níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní kó kọ ọ́ pé èmi ni mo gba ọjọ́ Ẹtì tó kọjá là, pé ti ọ̀sẹ̀ yìí náà, láti orí mi ló ti jáde. Ó ní òun gbọ́. Ó ní òun máa kọ ọ́.

Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀ ló jáde, Ẹtì kejìdínlọ́gọ́jọ, lójú ewé àkọ́kọ́. Mo sáré kà á dé ìsàlẹ̀. Ó kọ ọ́ lóòótọ́, pẹ̀lú lẹ́tà tó kéré débi pé mo ní láti fa ọ̀rọ̀ náà tóbi lójú fóònù kí n tó rí i: "Bọ̀dá mi ló ya fọ́tò."

Fọ́tò nìkan.

Kí n tó gbé ojú kúrò níbẹ̀, ẹnì kan ti kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ìtàn náà dára gan-an, ṣùgbọ́n fọ́tò ẹ̀ ò mọ́lẹ̀ tó. Mo ti fèsì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti fèsì.